Ọkọ̀ kejì Màmá oníṣu: ṣé ẹ̀gúnjẹ lè jẹ́ kó rà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣu ni mò ń tà ní Bódìjà n'Ìbàdàn, Ṣakí àti Ìgbòho ni mo ti ń kó o. Mo ní ọkọ̀ kántà kan, mo sì fẹ́ yá mílíọ̀nù 15 náírà ní báńkì láti ra èkejì. Èlé ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni wọ́n pè fún mi, ọdún méjì ni n ó fi san án tán. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni owó tí awakọ̀ mi ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kí n má fi ìyẹn da ara mi láàmú. Ó ní àwọn ará Ṣáínà àti Indonéṣíà náà jẹ ẹ̀gúnjẹ títí wọ́n fi là, pé gírísì ni ẹ̀gúnjẹ jẹ́ fún ẹ̀rọ ìjọba, òun ló ń jẹ́ kó yí. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Ṣé kí n yá owó yìí? Mo fi ojú ìwé kan látinú ìwé awakọ̀ mi ránṣẹ́, mo sì kọ ìnáwó wa sẹ́yìn rẹ̀.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ajé á wọgbá. Kí n tó dá ọmọ wa lóhùn, ẹ jẹ́ ká jókòó ti ìwé awakọ̀ yín ná. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń bá ara wọn jiyàn lé lórí fún ọgọ́ta ọdún wà nínú ojú ìwé kan yẹn.

Awakọ̀ yín mọ ìwé kọ, mo kí i. Ìrìn àjò mẹ́rin ló kọ síbẹ̀. Lábẹ́ èyí àkọ́kọ́, ó to gbogbo ibi tí wọ́n ti dá a dúró láti Ṣakí títí dé Mọ́níyà: "Ọlọ́pàá, 1,000. Àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì, 2,000, kò sí rìsíìtì. Ọlọ́pàá, 500. Àwọn tó fi igi dábùú ọ̀nà, 1,500." Bẹ́ẹ̀ ló tò ó lọ títí ó fi di 12,500 náírà. Ìrìn àjò kejì jẹ́ 9,000, ìkẹta 14,500. Ìkẹrin ló jẹ́ kí n bọ́ jígí ojú mi kí n tún un kà: 52,000. Ó kọ gbólóhùn mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wọ́n ní pátíkúlà ò pé. Ó pé. A sùn síbẹ̀."

Tí a bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 88,000 náírà ni, tí a bá sì pín in sí mẹ́rin, ó ń kan ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ní 22,000. Ẹ̀yìn ìwé sọ pé 185,000 náírà ni ìrìn àjò kan ń ná yín: dísẹ̀lì, owó awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, owó àwọn alárùù, àti owó ìjọba tó ní rìsíìtì. Ẹ tún kọ ọ́ pé 165,000 ló ń kù sọ́wọ́ yín lẹ́yìn èyí, kí awakọ̀ tó yọ owó ojú ọ̀nà. Nínú gbogbo owó tí ọkọ̀ yín ń ná, nígbà náà, ẹ̀gúnjẹ ń kó bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò á gbọ́ ìyẹn, wọ́n á ní kò burú, àwọn á fi lé owó iṣu. Ọmọ yín náà á ní ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá fi owó báńkì sí i. Mílíọ̀nù 15 lọ́dún méjì ní èlé tí wọ́n pè yẹn, bí 854,000 náírà ni ẹ ó máa san lóṣooṣù. Ká ní ọkọ̀ kejì ń lọ ìrìn àjò mẹ́fà lóṣù, 990,000 ló máa mú wọlé. Tí kò bá sí ẹ̀gúnjẹ rárá, ẹ san báńkì tán, 136,000 kù fún yín. Tó bá jẹ́ pé bíi ìrìn àjò mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ rí, 12,000 lẹ́ẹ̀kan, 64,000 kù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń di tiyín díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá wá lo 22,000 tí a fi pínpín rí, 4,000 náírà ló kù. Owó iṣu kan àbọ̀ kọ́ nìyẹn?

Síbẹ̀, ibi tí wàhálà wà gan-an kọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ tó sùn sójú ọ̀nà máa ń pàdánù ju 52,000 lọ. Ó dé Bódìjà lọ́jọ́ kejì, ìgbà tí ọjà ti kún, ó sì ti pẹ́ láti padà lọ gbé òmíràn. Ká ní irú èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, tí ìrìn àjò mẹ́fà fi di márùn-ún: 825,000 ló wọlé, 104,000 bá ti ìrìn àjò burúkú méjì lọ, 36,000 bá ti mẹ́ta tó kù lọ. Ó ku 685,000. Báńkì ń retí 854,000. Wọn ò ní béèrè bóyá wọ́n dá ọkọ̀ yín dúró ní Ìṣẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ wa rí nìyí. Ẹ̀gúnjẹ tó níye, tí ẹ mọ̀ pé 12,000 ni lọ́jọ́kọ́jọ́, owó orí burúkú kan ni, ṣùgbọ́n èèyàn lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Èyí tí kò níye, tó jẹ́ 9,000 lónìí, tó di 52,000 lọ́la, tí ẹ ò sì mọ ẹni tó máa gbà á, kò ṣeé fi yáwó. Torí náà ẹ ò ní ra ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ ò rà yẹn, awakọ̀ kan ni kò ríṣẹ́, àgbẹ̀ kan n'Ìgbòho ló dín ebè kù lọ́dún tó ń bọ̀ torí kò sẹ́ni tó máa bá a kó iṣu. Kò sí ẹni tó jí ọkọ̀ náà, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó máa gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 1995, Paolo Mauro, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó wà ní IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, fi oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wé ara wọn, ó sì rí i pé ibi tí ìwà ìbàjẹ́ bá ti pọ̀, àwọn èèyàn kì í fẹ́ dá owó òwò tuntun sílẹ̀, ọ̀nà yìí gan-an ló sì fi ń dín ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé kù. Ọkọ̀ yín tó wà ní ìdajì ọ̀nà láàárín èrò àti ìpinnu ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ gírísì yẹn ńkọ́? Ọmọ yín kọ́ ló dá a sílẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Nathaniel Leff, kọ irú rẹ̀ ní 1964, Samuel Huntington tó jẹ́ onímọ̀ ìṣèlú náà gbè é lẹ́yìn ní 1968: pé níbi tí òfin bá ti le ju, tí akọ̀wé bá jókòó lé fáìlì, owó díẹ̀ lábẹ́ tábìlì á jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí gbólóhùn mẹ́ta tí awakọ̀ kọ. Pátíkúlà pé. Kí ló wá dá ọkọ̀ dúró? Ẹni tó ń ta gírísì náà ló da iyanrìn sẹ́nu ẹ̀rọ. Níbi tí ìdádúró bá ti ń mówó wọlé, wọ́n á máa ṣe ìdádúró ni, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ ọkọ́.

Ní ti Indonéṣíà, òótọ́ wà nínú ohun tí ọmọ yín sọ, mi ò ní tan yín. Suharto ṣe ìjọba láti 1967 títí di 1998. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ nínú òwò ńlá tó pọ̀ jọjọ, síbẹ̀ ọrọ̀ ajé ibẹ̀ ń fi bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbà ni pé ọwọ́ kan ló ń gba owó lókè. Oníṣòwò mọ ẹni tó máa rí, ó mọ iye tó máa san, tó bá sì san án, iṣẹ́ á ṣe. Ẹni tó jókòó lókè mọ̀ pé tí òun bá gba jù, òwò á kú, kò sì ní sí ohun tí òun máa gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí olówó màlúù tó ń fún wàrà ni, kò ní fẹ́ pa màlúù. Nígbà tí ìdààmú owó bo Éṣíà mọ́lẹ̀ ní 1997, báńkì tí àwọn ọ̀rẹ́ ìjọba fi ń yá ara wọn lówó wó lulẹ̀, ọrọ̀ ajé já wálẹ̀ ní ìdá 13 lọ́dún 1998 nìkan. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àmọ́ ní Indonéṣíà, àwọn mẹ̀kúnnù ló rù ú.

Ohun tí ọmọ yín ò tíì kà ni ìyókù ìtàn Indonéṣíà yẹn, ó sì bá ọ̀rọ̀ yín mu gẹ́ẹ́. Nígbà tí ogun parí ní ẹkùn Aceh ní 2005, ìjọba kó ọmọ ogun àti ọlọ́pàá tó lé ní 30,000 kúrò níbẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Benjamin Olken àti Patrick Barron, ní kí àwọn èèyàn wọn wọ ọkọ̀ ẹrù, kí wọ́n jókòó ti awakọ̀, kí wọ́n sì máa kọ ohun tó bá san. Ìrìn àjò 304 ni wọ́n bá wọn lọ, owó ẹ̀yìn tí wọ́n rí kọ sílẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìgbà. Ó jẹ́ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìrìn àjò ń ná, ó tiẹ̀ ju owó iṣẹ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Bí àwọn ológun ṣe ń kúrò, tí ibi ìdádúró ń dín kù, àwọn tó ṣẹ́kù fi kún iye tí wọ́n ń gbà. Àròpọ̀ owó náà dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dín kù tó bí ibi ìdádúró ṣe dín kù. Olúkúlùkù ń wo àpò ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rò ó pé ọkọ̀ yìí ti san owó níbi mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọ̀nà Ṣakí yín, Aceh ni, kì í ṣe ààfin Suharto. Orílẹ̀-èdè wa ò ní ọwọ́ kan tó ń gbà á lókè. Ọgọ́rùn-ún ọwọ́ ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀.

Ní Ṣáínà, wọ́n dájọ́ ikú fún Liu Zhijun ní 2013 lórí ẹ̀sùn rìbá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n má tíì pa á. Òun ni mínísítà rélùwéè tí wọ́n yọ ní 2011. Ó jẹun, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n rélùwéè tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù wà nílẹ̀, èèyàn ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Àwọn ará wa máa ń sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Ó dáa. Kí pẹpẹ ṣáà wà níbẹ̀ ná.

Ìgbà tí pẹpẹ ò sí gan-an ni ti símẹ́ńtì 1975, ẹ̀yin náà á ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọlé nígbà ìjọba Gowon. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kọ́ bàráàkì fún àwọn ọmọ ogun. Ilé iṣẹ́ ètò ààbò nìkan pàṣẹ símẹ́ńtì tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 16. Èbúté Èkó ò lè já ju bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan símẹ́ńtì lọ lọ́dún. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní irinwó tò sójú òkun níwájú Èkó, èyí tó ju ìdajì wọn lọ ló kó símẹ́ńtì, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá sì fi dúró ni Nàìjíríà ń san owó ìdúró fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé àpò símẹ́ńtì síta lóru òjò rí, ẹ mọ ohun tí omi ń sọ símẹ́ńtì dà. Ọkọ̀ tó kó ọjà mìíràn wá náà há sẹ́yìn wọn. Nígbà tí ìjọba Murtala gbé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Belgore dìde láti wádìí, wọ́n rí i pé tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 2.9 ni ilé iṣẹ́ náà nílò.

Ẹ ronú sí ìyàtọ̀ yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ra ohun tí ìlú nílò kí wọ́n wá yọ díẹ̀ lórí rẹ̀. Owó tó wà nínú pípàṣẹ gan-an ló bí pípàṣẹ. Ohun tó sì máa ya ọmọ yín lẹ́nu ni pé tó bá wo ìṣirò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà láàárín ọdún wọ̀nyẹn, yóò rí i pé ó ń gòkè. Epo ló gbé e gòkè. Epo máa ń bo irú nǹkan báyìí mọ́lẹ̀ títí iye rẹ̀ á fi já, gẹ́gẹ́ bó ṣe já láàárín ọdún 1980 sí 1989, tí gbogbo wa fi kọ́ ohun tó ń jẹ́ SAP, ètò tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò.

Mo ti rí ti kékeré rẹ̀ fúnra mi. Mo ṣe àyẹ̀wò ìwé owó fún ìjọba ìbílẹ̀ kan rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kànga ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà nínú ìwé fún wọ́ọ̀dù kan láàárín ọdún mẹ́rin. Mo wọ ọ̀kadà lọ wò ó. Méjì ni mo bá. Ìkan ti gbẹ. Èkejì ní omi, ṣùgbọ́n rọ́bà kékeré kan nínú páǹpù rẹ̀ ti já, ìyá kan tó ń bọ̀ láti odò sọ fún mi pé ó ti tó ọdún kan. Mo béèrè iye rọ́bà náà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ìtòsí: kò tó owó epo ọ̀kadà tí mo gùn débẹ̀. Mo padà wo ìwé ìsúná. Owó kànga tuntun wà níbẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Owó rọ́bà ò sí. Kò sẹ́ni tó lè yọ ìdá mẹ́wàá lórí rọ́bà. Mauro yẹn kan náà tún rí i ní 1998 pé ìjọba tí ìwà ìbàjẹ́ bá ti wọ̀ lẹ́wù kì í náwó tó bó ṣe yẹ lórí ẹ̀kọ́. Gbogbo èèyàn mọ iye owó oṣù tíṣà, ta ló mọ iye tó yẹ kí ẹ̀rọ ńlá láti òkè òkun jẹ́?

Ọmọ yín á ṣì rí ohun kan sọ, n ó bá a sọ ọ́. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, bá UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, ṣe sọ pé lọ́dún 2023, àwọn ọmọ Nàìjíríà san bí bílíọ̀nù 721 náírà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, nínú ìgbà tó tó mílíọ̀nù 87. Tí ẹ bá fi wé gbogbo ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí, kò tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Owó yẹn fúnra rẹ̀ ò lè ba orílẹ̀-èdè jẹ́. Ohun tí ìṣirò yẹn ò kà ni owó tí wọ́n ń jẹ lórí iṣẹ́ kọngílá lókè, àti ọkọ̀ kejì tí ẹ ò tíì rà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dórí ohun tí ẹ máa ṣe.

Ẹ má yá owó báńkì yẹn báyìí. Oṣù méjì burúkú tẹ̀léra, ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà lè bá èkejì lọ. Tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín bá lè yá yín ní ìdajì rẹ̀ ní èlé tó kéré sí ti báńkì, tí ẹ sì rí ìdajì tó kù nínú owó yín, èyí yàtọ̀. Wọ́n mọ yín, wọ́n lè fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i lóṣù tí ọ̀nà bá burú. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀yin àti oníṣu méjì mìíràn jọ ra ọkọ̀ kan, kí àdánù má bàa já lu ẹnì kan ṣoṣo. Títí dìgbà náà, kí ẹ máa háyà ọkọ̀ nígbà tí ẹrù bá pọ̀ sàn jù. Owó ọkọ̀ á wọ́n díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá sùn sójú ọ̀nà, ọlọ́kọ̀ ló máa jẹ èyí tó pọ̀ nínú gbèsè náà.

Ẹ pín ìwé awakọ̀ sí mẹ́ta láti òní lọ. Owó tó ní rìsíìtì lọ́tọ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì náà, ó wúlò nígbà tí ẹ bá ń san owó orí. Owó tí kò ní rìsíìtì lọ́tọ̀. Wákàtí tí wọ́n fi dá a dúró lọ́tọ̀, torí wákàtí náà lówó lórí ju náírà tó fún wọn lọ. Kó kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti aago tó lù. Tí ìwé yìí bá ti tó oṣù mẹ́ta, tí àwọn oníṣu mìíràn náà ń kọ tiwọn, ẹ ó rí i pé ibi méjì tàbí mẹ́ta péré ni owó burúkú ti ń wá. Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ oníṣu lè gbé ìwé lọ bá àwọn ọ̀gá wọn, kí ẹ fi ibi àti àkókò hàn. Ẹ̀sùn tí ò ní ibi tí ò sì ní àkókò, wọ́n á kàn ní àwọn ti gbọ́ ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, ó sì lè má dùn mọ́ yín: òfin ọdún 2000 tó dá ICPC sílẹ̀, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, mú ẹni tó fún àti ẹni tó gbà, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló so mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ẹni tó fi igi dábùú ọ̀nà lálẹ́ ò ní fún awakọ̀ yín láyè láti ka òfin. Síbẹ̀, mi ò ní jókòó síbí kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń san án. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí gbogbo pátíkúlà pé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà nínú ọkọ̀, kí ọ̀kan wà lórí fóònù awakọ̀, kí ọkọ̀ sì máa kúrò ní Ṣakí ní ìdájí. Ẹ wo ìwé yẹn dáadáa: ìrìn àjò mẹ́ta àkọ́kọ́, aago márùn-ún ìdájí ló gbéra. Ìkẹrin, ó ti di aago méjì ọ̀sán torí ẹrù ò tètè pé.

Ẹ fi ìwé ìrìn àjò mẹ́jọ tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tí ìrìn àjò burúkú bá ti ẹyọ kan nínú mẹ́rin kúrò, tó di ẹyọ kan nínú mẹ́jọ, owó tó ń kù lóṣù á yí padà, a ó sì tún jókòó ti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kejì.